Blue jay tàbí bluejay: ìdáhùn lórí bí a ṣe ń kọ orúkọ ẹyẹ náà àti ohun tí ó túmọ̀ sí

Ìbéèrè: Ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, kọ àròkọ nípa ẹyẹ aláwọ̀ búlúù kan tí ó máa ń wá sí ẹ̀yìnkùlé wa, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ ní bluejay. Olùkọ́ rẹ̀ fa igi pupa sí i, ó ní blue jay ni kí ó kọ. Bẹ́ẹ̀ mo ti rí Bluejays lára aṣọ àwọn eléré ìdárayá yunifásítì kan. Èwo ló tọ̀nà? Kí ni jay túmọ̀ sí, àbí lẹ́tà J ni? Bàbá mi tó wà ní Ìbàdàn sì sọ fún ọmọ náà lórí fóònù pé agbe ni ẹyẹ yẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú àmójútó. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, olùkọ́ ọmọ yín ló jàre. Ọ̀rọ̀ méjì ni orúkọ ẹyẹ náà, àlàfo sì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn: blue jay. Òótọ́ ni pé ẹ lè rí bluejay gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwọn ìwé atúmọ̀ èdè kan tilẹ̀ gbà á láyè, ṣùgbọ́n blue jay ni àwọn tó lórúkọ jù nínú àwọn ìwé atúmọ̀ èdè Amẹ́ríkà fi síwájú, òun náà sì ni àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ ń kọ láìyẹsẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé máàkì ọmọ nìkan ló ń wá lè dúró níbí. Àmọ́ ìbéèrè yín ju ti máàkì lọ, nítorí pé inú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kejì, jay, ni ìdí tí a fi ń pín orúkọ náà sí méjì wà. Ọmọ tó bá mọ ohun tí jay jẹ́ kò ní í ṣì í kọ mọ́.

Jay kì í ṣe lẹ́tà J. Láti nǹkan bí ọdún 1300 ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí J kò tíì dá dúró gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà lọ́tọ̀ láàárín wọn. Lẹ́tà kan náà ni I àti J jẹ́ nígbà náà. Àwọn akọ̀wé ni wọ́n ń fa ìrù rẹ̀ gùn tàbí kí wọ́n gé e kúrú, débi pé nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́, iay ni ẹ óò bá níbi tí a ti ń kọ jay lónìí. Ó di ọdún 1600 sókè kí ìyàtọ̀ tó fìdí múlẹ̀ láàárín lẹ́tà méjèèjì. Nítorí náà, ẹyẹ ló ṣáájú lẹ́tà, kò sì sí bí ẹyẹ ṣe lè gba orúkọ lọ́wọ́ ohun tí kò tíì sí.

Ọwọ́ àwọn Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ náà. Jai ni àwọn Faransé àtijọ́ ń pè é. Lónìí, geai ni wọ́n ń kọ, wọ́n sì fi e sáàárín g àti a kí g náà lè rọ̀ lẹ́nu, kí ó má bàa dún bíi g inú gàrí. Geai bleu ni àwọn elédè Faransé ní Kánádà ń pe ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé yín títí di òní, ọ̀rọ̀ méjì ni tiwọn náà sì jẹ́. Kí ó tó di ti Faransé, gaius tàbí gaia ni ó jẹ́ nínú èdè Látìn ìgbà ìkẹyìn. Ibi tí gaius gan-an ti wá ni àwọn tó ń wá orísun ọ̀rọ̀ ti pín sí ọ̀nà méjì.

Àwọn kan gbà pé igbe ẹyẹ náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Èyí kò ṣàjèjì sí wa, nítorí a kò pe kòwéè ní kòwéè fún ìdí mìíràn ju pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń ké. Àwọn kejì sọ pé orúkọ ènìyàn ni. Gaius jẹ́ orúkọ tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ará Róòmù, òun ni orúkọ àkọ́kọ́ tí Julius Caesar pàápàá ń jẹ́, ó sì jẹ́ àṣà ní Yúróòpù láti mú orúkọ ènìyàn tó wọ́pọ̀ fún ẹyẹ tó ń sún mọ́ ilé. Láti ara Robert ni robin ti wá. Láti ara Margaret ni mag tó wà nínú magpie ti wá. Jack ló sì wà níbẹ̀rẹ̀ jackdaw. Ní tèmi, ti igbe ni mo fara mọ́ jù, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ ẹyẹ yìí láàárọ̀ mọ̀ pé igbe rẹ̀ le, ó há, ó sì ń gún etí, bí ẹni tó ń pariwo jéè! jéè! sí aládùúgbò. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí ọ̀nà méjèèjì máa bá ara wọn jà. Ó ṣeé ṣe kí igbe ẹyẹ náà rán àwọn ará Róòmù létí orúkọ kan tó ti mọ́ wọn lẹ́nu tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì fi orúkọ ọ̀hún pè é.

Ariwo yìí náà ló jẹ́ kí jay di orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi bú ènìyàn láyé àtijọ́: aláròyé, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láìsinmi, tàbí ẹni tó múra ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí ó di òpin ọdún 1800 ní Amẹ́ríkà, ó ti di orúkọ fún ará oko tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú. Láti ibẹ̀ ni jaywalking ti jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1900, ìyẹn kí ènìyàn máa sọdá títì níbi tí kò yẹ. Mo fi kún un nítorí àwọn ọmọ máa ń gbọ́ ọ níléèwé pé nítorí pé ẹsẹ̀ ẹni tó ń sọdá náà ń ya bíi lẹ́tà J ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni, tó kọjá sára ènìyàn, tó wá dé inú òfin ìrìnnà.

Ẹyẹ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ń pè ní jay kò sí ní Amẹ́ríkà rárá. Ti Yúróòpù àti Éṣíà ni, Garrulus glandarius ni orúkọ rẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì: garrulus ni aláròyé, glandarius sì ni ti èso igi oak, èyí tó jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ pàtàkì. Ẹyẹ yẹn kì í ṣe aláwọ̀ búlúù. Ara rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bí amọ̀, ìrù rẹ̀ dúdú, ìdí rẹ̀ funfun. Ṣùgbọ́n lórí èjìká apá rẹ̀, ìyẹ́ péńpé mélòó kan wà tí búlúù wọn ń tàn, tí ìlà dúdú tínrín-tínrín sì dábùú wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá gbé àwòrán ìyẹ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán apá àti ìrù ẹyẹ tó wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ óò rí ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà rí. Ìlà dúdú kan náà ló dábùú búlúù, ó kàn jẹ́ pé ohun tó jẹ́ àbùlẹ̀ kékeré lára ti ilé ti di aṣọ lára ti ilẹ̀ tuntun. Igbe rẹ̀ tún le bíi ti èyí tí wọ́n mọ̀, ó sì ń ṣa èso oak bíi tirẹ̀. Wọ́n pè é ní jay nítorí pé lójú wọn jay ni. Wọ́n fi blue síwájú nítorí àwọ̀ rẹ̀, kí ó lè yàtọ̀ sí ti ìlú wọn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àlàfo ti wọlé. Jay ni orúkọ ìran ẹyẹ náà. Blue ń sọ irú jay tí a ń wí ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìbátan rẹ̀ ṣe ń jẹ́: green jay, Canada jay, pinyon jay, Steller's jay, kò sì sí èyí tí a so pọ̀ nínú wọn. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín béèrè pé kí ló dé tí bluebird, blackbird àti mockingbird fi jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú bird. Gbogbo ẹyẹ ni bird. Bí ènìyàn bá kọ blue bird ní méjì, ẹyẹ èyíkéyìí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti jẹ́ búlúù ni ó ń sọ, títí kan blue jay fúnra rẹ̀. Sísọ wọ́n di ọ̀kan ló ń fi hàn pé ẹyẹ kan pàtó ni a ní lọ́kàn, ẹyẹ kékeré tí àyà rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí kò sì bá jay tan rárá. Jay kò nílò ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé orúkọ ìran kan pàtó ni òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ láti ìpilẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń tẹ ohùn mọ́ blue, wọ́n á sì jẹ́ kí jay rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí bluebird gan-an. Etí ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ọwọ́ rẹ̀ sì kọ ọ̀rọ̀ kan. Àṣìṣe ọlọ́gbọ́n ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá a wí lé e lórí. Àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni kì í fi gbogbo ìgbà tẹ̀lé bí ohùn ṣe ń lọ.

Ti àwọn eléré ìdárayá tí ẹ rí, òótọ́ lẹ rí. Yunifásítì Creighton ní ìlú Omaha, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ń kọ Bluejays ní ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Johns Hopkins, tó wà ní Baltimore nínú ìpínlẹ̀ yín, ń kọ Blue Jays ní méjì, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù baseball ti Toronto, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, tí wọ́n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní 1977, tí wọ́n sì gba ife World Series ní 1992 àti 1993. Orúkọ ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí orúkọ ẹyẹ. Ẹni tó ni orúkọ ló ni bí yóò ṣe máa kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìdílé kan láàárín wa ṣe ń fi sh kọ orúkọ wọn títí di òní, tí kò sì sẹ́ni tó lè fi òfin ṣ dá wọn lẹ́bi. Bí ọmọ yín bá ń kọ̀wé nípa Creighton, kí ó kọ ọ́ bí Creighton ṣe ń kọ ọ́; bí ó bá jẹ́ ti ẹyẹ, kí ó fi àlàfo sí i.

Ohun kan tún wà lórí lẹ́tà ńlá àti kékeré. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ, Blue Jay ni ẹ óò rí, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá méjèèjì; bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ American Ornithological Society ṣe ń kọ gbogbo orúkọ ẹyẹ nínú àkójọ wọn. Àwọn ìwé ìròyìn àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ blue jay pẹ̀lú lẹ́tà kékeré. Àwọn onímọ̀ kò ṣe é láti fi gbéra ga, ìdí pàtàkì kan ni wọ́n rí. Blue jay pẹ̀lú lẹ́tà kékeré lè jẹ́ jay èyíkéyìí tó ní búlúù lára, wọ́n sì pọ̀; ṣùgbọ́n Blue Jay pẹ̀lú lẹ́tà ńlá jẹ́ ẹyẹ kan ṣoṣo, kò sí òmíràn. Níléèwé, kí ọmọ náà máa lo lẹ́tà kékeré àyàfi níbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Bí ẹyẹ bá ju ọ̀kan lọ, blue jays ni, nítorí fáwẹ̀lì ló ṣáájú y, y náà kò sì ní í yí padà.

Kí ẹ má rò pé àwọn ọmọ ilé-ìwé nìkan ni àkọtọ́ orúkọ jay ń dà láàmú. Ìbátan blue jay kan wà ní àwọn igbó òtútù Kánádà tí wọ́n ń pè ní Canada Jay tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá sọ di Gray Jay nínú àkójọ ọdún 1957. Inú àwọn ará Kánádà kò dùn sí i, apá kan ẹ̀sùn wọn sì ni pé grey ni àwọn ń kọ, kì í ṣe gray bíi ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọdún 2018 ni wọ́n tó dá Canada Jay padà fún un. Mo fara mọ́ ìdápadà náà tọkàntọkàn, nítorí orúkọ tí àwọn tó ń bá ẹyẹ gbé ti mọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kò yẹ kí á fi ìrọ̀rùn àkójọ pa rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí àwọn jay tó ní búlúù lára, nítorí pé bí ìdílé yín bá lọ sí California, ẹ óò gbọ́ tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń nàka sí ẹyẹ mìíràn, tí wọ́n sì ń pè é ní blue jay. Ẹyẹ tó wà lẹ́yìnkùlé yín, ìlà oòrùn àwọn Òkè Rocky ni ilé rẹ̀, láti gúúsù Kánádà títí dé Florida àti Texas. Àwọn tó wà ní ìwọ̀ oòrùn ni scrub jay, tí kò ní ìyẹ́ ṣóńṣó lórí, àti Steller's jay, tí orí rẹ̀ dúdú tí ara rẹ̀ sì jẹ́ búlúù tó ṣú. Steller's jay ló sún mọ́ tiyín jù lọ, ìtàn bí wọ́n ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀ sì wú mi lórí ju ìtàn ẹyẹ èyíkéyìí lọ. Ní ọdún 1741, Georg Wilhelm Steller, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, wà nínú ọkọ̀ òkun Vitus Bering tó gbéra láti Rọ́ṣíà láti wá Amẹ́ríkà láti apá àríwá. Wọ́n gúnlẹ̀ sí erékùṣù Kayak ní etíkun Alaska. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ẹyẹ búlúù kan tó ní ìyẹ́ ṣóńṣó lórí wá fún un. Steller rántí pé òun ti rí àwòrán ẹyẹ tó jọ ọ́ nínú ìwé kan tó sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Carolina, àwòrán blue jay sì ni. Ẹyẹ yẹn nìkan fi dá a lójú pé Amẹ́ríkà ni wọ́n dé. Orúkọ rẹ̀ ni ẹyẹ náà ń jẹ́ títí di òní.

Orúkọ sáyẹ́ǹsì ẹyẹ yín ni Cyanocitta cristata, òun náà sì ní ẹ̀kọ́ àkọtọ́ nínú. Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó fi ètò sí orúkọ àwọn ohun ẹlẹ́mìí, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ ní 1758. Corvus cristatus ló pè é. Corvus ni orúkọ Látìn fún àwọn kannakánná àti ìbátan wọn, cristatus sì túmọ̀ sí ẹni tó ní ìyẹ́ ṣóńṣó lórí. Ní 1845, Hugh Edwin Strickland dá ìsọ̀rí tuntun sílẹ̀ fún ẹyẹ náà, ó sì fa orúkọ rẹ̀ yọ láti inú èdè Gíríìkì: kyanos, tí í ṣe búlúù tó ṣú, àti kitta, tí í ṣe jay. Ẹ wò ó dáadáa: jay tó jẹ́ búlúù ni orúkọ Gíríìkì yẹn ń wí, bí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe ń wí gan-an. Corvus jẹ́ akọ nínú gírámà, Cyanocitta sì jẹ́ abo, ọ̀rọ̀ tó ń júwe wọn gbọ́dọ̀ bá wọn mu, nítorí náà cristatus di cristata. Bí ọmọ yín bá fẹ́ fi orúkọ yìí sínú àròkọ rẹ̀, kí ó fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kí ó fi kékeré bẹ̀rẹ̀ èkejì, kí ó sì fi lẹ́tà onídàgẹ̀rẹ̀ tẹ méjèèjì.

Ìyẹ́ ṣóńṣó tí Linnaeus fi sọ ọ́ lórúkọ yìí, ẹ ní kí ọmọ náà máa ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Bí ẹyẹ náà bá ń jẹun pẹ̀lẹ́tù láàárín àwọn ará ilé rẹ̀, ìyẹ́ náà á sùn sílẹ̀ mọ́ orí, débi pé ènìyàn lè má mọ̀ pé ó ní in. Bí ológbò bá yọjú, tàbí tí ẹyẹ mìíràn bá fẹ́ gba oúnjẹ rẹ̀, ìyẹ́ náà á dìde ṣánṣán. Ènìyàn lè fi rí ìbínú rẹ̀ kí ó tó ké rárá.

Ti àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ó yẹ kí n sọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí blue jẹ́ ìdajì orúkọ náà: kò sí aró kankan nínú ìyẹ́ blue jay. Àwọ̀ gidi tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ mẹ́lánìn, èyí tó dúdú tó sì pọ́n bí ilẹ̀, irú èyí tó wà lára àwa ènìyàn. Búlúù tí ojú ń rí ń wá láti inú bí ìyẹ́ náà ṣe rí nínú lọ́hùn-ún. Àwọn àyè kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí wà nínú rẹ̀, wọ́n ń tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká, wọ́n sì ń dá apá búlúù rẹ̀ padà sí ojú wa. Bí wọ́n bá lọ irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ lúúlúú, búlúù náà á pòórá, ìyẹ̀fun tó dà bí ilẹ̀ ló máa kù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá dípò iwájú, àwọ̀ ilẹ̀ náà ni ẹ óò rí. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí ibùdó ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni kí ẹ ti wo èyí o. Òfin ààbò àwọn ẹyẹ aṣíkiri ti ọdún 1918 ní Amẹ́ríkà kò gba ènìyàn láyè láti kó ìyẹ́ blue jay pamọ́, ìbáà ṣe pé ilẹ̀ ni ó ti rí i. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wò ó níbi tó wà, kí ó sì fi í sílẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ sì sọ fún wọn pé mo mọ ohun tó mú wọn ronú kan agbe. Ẹni tó dàgbà sínú "agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn", bí wọ́n bá sọ fún un pé ẹyẹ kan wà tó jẹ́ búlúù láti orí dé ìrù, agbe ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Agbe náà tún ní ìyẹ́ lórí. Ẹyẹ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní great blue turaco, tí àwọn ìwé atúmọ̀ èdè wa máa ń fi túmọ̀ agbe, tilẹ̀ ń jẹ́ Corythaeola cristata nínú sáyẹ́ǹsì. Cristata yẹn náà ló tún jẹ yọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìjọra parí sí. Ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ni ìran turaco wà, èso igi ni oúnjẹ wọn jù lọ, èyí tí mo ń wí yìí sì gùn tó 70 sẹ̀ńtímítà sókè, nígbà tí blue jay kì í ju 30 sẹ̀ńtímítà lọ, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì wà láàárín 70 sí 100 gíráàmù. Bí ọmọ bá kọ agbe fún blue jay, ó ti fi orúkọ ìdílé kan fún ọmọ ìdílé mìíràn.

Kannakánná ni ìbátan blue jay ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyẹn ẹyẹ dúdú tó da funfun bo àyà àti ọrùn, tí gbogbo wa mọ̀. Linnaeus kò ṣìnà púpọ̀ nígbà tó pè é ní Corvus, nítorí pé abẹ́ Corvidae, ìdílé àwọn kannakánná, ni blue jay ṣì wà títí di òní. Ọgbọ́n ìdílé náà sì wà lára rẹ̀. Ó ń fara wé igbe àṣá débi pé etí ènìyàn lè má mọ ìyàtọ̀. Ọ̀fun rẹ̀ máa ń fẹ̀, ó lè kó èso oak méjì tàbí mẹ́ta síbẹ̀, kí ó tún fi ẹnu gbé òmíràn, yóò sì gbé wọn lọ rì mọ́lẹ̀ níbi tó jìnnà. Ní ìpínlẹ̀ Virginia tó bá tiyín pààlà, àwọn olùwádìí kan ka iye èso oak tí nǹkan bí 50 blue jay kó pamọ́ láàárín ọjọ́ 28, ó sì lé ní 100,000. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni wọn kì í padà wá wú, àwọn wọ̀nyẹn ló sì ń hù di igi. Glandarius, ẹyẹ èso oak, tí wọ́n fi sọ ìbátan rẹ̀ ti Yúróòpù lórúkọ, bá òun náà mu rẹ́gí.

Nítorí náà, bí ọmọ náà bá fẹ́ sọ nípa ẹyẹ rẹ̀ fún bàbá àgbà ní èdè Yorùbá, kí ó má fi agbe pè é, kí ó má sì túmọ̀ jay, nítorí orúkọ ìran ni, a kì í sì í túmọ̀ orúkọ ìran. Jéè ni kí ó pè é. J wa àti é wa sún mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì tó láti gbé e. Búlúù ni kí ó túmọ̀ bó bá wù ú: jéè aláwọ̀ aró, tàbí jéè búlúù, ọ̀rọ̀ méjì tó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí bàbá bá wá béèrè pé irú ẹyẹ wo ni jéè, kí ó sọ fún wọn pé ìbátan kannakánná ni, tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tó ń sin èso oak mọ́lẹ̀, tó sì máa ń na ìyẹ́ orí rẹ̀ sókè bí inú bá ń bí i.